Ajá Nílé Dírágónì

Láti ìgbà tí oṣù kejìlá ti yọ ni oúnjẹ ò ti lọ lẹ́nu Ìyá Guan mọ́. Kì í ṣe pé ó ṣàìsàn. Ọjọ́ orí ló ń ṣe é. Bí oṣù náà bá pé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, yóò di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, kò sì sí ọmọdé tàbí àgbà ní abúlé wọn, lápá àríwá China níbi tí yìnyín ti ń bo òrùlé fún oṣù mẹ́rin gbáko, tí kò mọ ohun tó wà nídìí ọjọ́ orí yẹn. Ọdún yẹn ni Ọba àwọn òkú máa ń ṣí ìwé ẹni wò, a ní òun ń fẹ́ ẹran. Ọmọbìnrin ẹni ló gbọ́dọ̀ ra ẹran náà wálé, kó gé e wẹ́wẹ́, kó fi ìyẹ̀fun pípò wé e ní jiaozi mẹ́rìndínláàádọ́rin, kí òbí rẹ̀ sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Bí ẹran bá ti wọ ikùn, Ọba òkú á pa ìwé dé. Bí kò bá wọ ikùn, ara onítọ̀hún ni yóò ti bu ẹran tirẹ̀.

Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín. Fu Changhe, ọkọ Ìyá Guan, náà rẹ́rìn-ín. Nígbà ìrúwé ló pé mẹ́rìndínláàádọ́rin, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, ó ní Ọba òkú ti sanra jù fún ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Kí ewé tó wọ́ tán lọ́dún náà, wọ́n ti sin ín sí ẹ̀yìn oko àgbàdo. Ọdún kẹsàn-án rèé.

Ìyá Guan ò bí ọmọbìnrin. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, Haitao, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti ìlú dé ìlú, tí kì í délé àfi bí ọdún tuntun bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ohun tí ìyá náà ní nílé ni ìyàwó ọmọ. Ìyàwó ọmọ ọ̀hún sì rèé, Ajá ni.

Ẹ má ṣì mí gbọ́, mi ò bú u. Ọdún Ajá ni wọ́n bí Caiyue, bí wọ́n ṣe bí Ìyá Guan lọ́dún Dírágónì, tí wọ́n bí ọkọ rẹ̀ lọ́dún Ọ̀bọ. Ẹranko méjìlá ló ń gba ọdún lọ́wọ́ ara wọn níbẹ̀, èyí tó bá sì ni ọdún tí wọ́n bí ọ, ìwà rẹ̀ ni wọ́n á máa wá lára rẹ títí o ó fi kú. Ti Ajá ò fara sin. A máa dúró ti èèyàn rẹ̀, kì í dalẹ̀, kò mọ irọ́ pa. Ṣùgbọ́n ó lágídí, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, àníyàn rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ló ti ń gbó lé lórí. Ìyẹn ì bá ṣeé fara mọ́. Ibi tí wàhálà wà ni pé nínú àwọn ẹranko méjèèjìlá, Ajá àti Dírágónì ló kọjú ìjà síra wọn. Àwọn àgbà ní wọn kì í gbé abẹ́ òrùlé kan náà kó má bà jẹ́.

Ọdún méjìlá sẹ́yìn ni Haitao mú Caiyue wálé láti ilé iṣẹ́ bàtà kan ní gúúsù. Ọmọ àwọn olóko ìrẹsì orí òkè ní Guizhou ni, ìyá rẹ̀ ti kú kí òun àti Haitao tó pàdé. Ìyá Guan béèrè ọdún tí wọ́n bí i kó tó béèrè orúkọ rẹ̀. Bó ṣe gbọ́ ọ báyìí, ó gbé abọ́ tíì tó fẹ́ nà sí i padà sórí tábìlì.

“Màmá, ṣé ẹ ò ní fún mi ní tíì náà mọ́ ni?” Caiyue béèrè. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ìyàwó tuntun kì í béèrè.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà ìkórè àkọ́kọ́, àwọn ará ilé Caiyue fi àpò ìrẹsì tuntun ránṣẹ́ sí i. Ó sè é, òórùn rẹ̀ gba ilé kan, Ìyá Guan ti fa àga jókòó. Caiyue bu abọ́ àkọ́kọ́, ó gbé e kọjá níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó jáde, ó sì gbé e sílẹ̀ fún ajá pupa tí wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà.

“Ṣé orí ẹ pé?” Ìyá Guan figbe ta. “Ajá lo kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún?”

“Nílé wa, ajá ló máa ń kọ́kọ́ jẹ ìrẹsì tuntun, Màmá. Nígbà tí omi bo gbogbo ayé, òun ló fi ìrù gbé irúgbìn la omi já wá fún wa. Bí kò bá sí ti ajá, kí là bá máa jẹ? Ó ti ń jẹ ẹ́ yẹn, ó yá, ẹ wá jẹun.”

“Ẹ wò ó o! Ajá ń bọ́ ajá!”

Láti ọjọ́ náà, bí nǹkan kékeré bá ti ṣẹlẹ̀, Ìyá Guan á ní, “Ẹ fún ajá lóúnjẹ kó tó bù wá jẹ o.” Caiyue kì í sunkún. A máa dá a lóhùn ni. Bí ọbẹ̀ bá níyọ̀ jù, á ní ó níyọ̀ jù. Bí ìyá ọkọ rẹ̀ bá ra ẹ̀wù tuntun, tó ní báwo ló ṣe rí, á ní ó fún un ní ikùn. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí Ìyá Guan yọ̀ ṣubú lórí yìnyín tí egungun ìbàdí rẹ̀ fi yẹ̀, Caiyue ló pọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn ilé dé ojú títì, ìrìn tó tó wákàtí kan, ó sì ń bá a wí ní gbogbo ọ̀nà. “Mo ní kẹ́ ẹ wọ bàtà onírọ́bà, ẹ ní ẹ ti mọ ọ̀nà yẹn kí wọ́n tó bí mi. Ẹ ti rí i báyìí? Ẹ di ọrùn mi mú dáadáa!” Oṣù mẹ́ta ló fi wẹ̀ ẹ́, tó fi ń gbé e dìde, tó fi ń gbé e jókòó. Ká ní ó lè pa ẹnu dé ni, gbogbo abúlé ì bá máa fi í búra. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń pọ̀n ọ́n tó tún ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Caiyue kò sọ rí. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni kì í jẹ́ kí Ìyá Guan sùn.

Ní ọjọ́ tí Fu Changhe pé mẹ́rìndínláàádọ́rin, Caiyue gbé ẹran dé láti ọ̀dọ̀ alápatà. Kò sẹ́ni tó rán an. Ìyá Guan dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì dí i. “Ìyàwó ọmọ kì í ṣe ọmọ. Ajá kì í sì í gbé ẹran ẹ̀mí wọ ilé Dírágónì. Gbé e lọ.” Caiyue gbé ẹran náà lọ fi iyọ̀ pa. Ìgbà tó di ìkórè, Fu Changhe kú.

Láti ìgbà náà, kò sí ìjà kan tí wọ́n jà tí Ìyá Guan ò mú ara le de gbólóhùn kan ṣoṣo: “Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n sè fún Bàbá.” Ó ń retí rẹ̀ bí ẹni tó rí ọwọ́ tó ń bọ̀ létí òun. Ọdún mẹ́sàn-án, gbólóhùn náà kò wá. Obìnrin tó ń sọ fún aládùúgbò pé ẹyin rẹ̀ ti bà jẹ́, tó ń sọ fún olórí abúlé pé irọ́ ló ń pa, kò sọ èyí. Ìyá Guan gbà pé ńṣe ló tọ́jú rẹ̀ bí ajá ṣe ń ri egungun mọ́lẹ̀, pé lọ́jọ́ tó bá máa dun òun jù lọ ni yóò wú u jáde.

Kí wá ni ṣíṣe? Ìyá Sun, aládùúgbò wọn tí ojú rẹ̀ kì í fo ohunkóhun, ló mú ìmọ̀ràn wá. Ẹni tí kò bí ọmọbìnrin lè fi ẹlòmíràn ṣe ọmọ. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan nílùú, Peiwen, ọdún Eku ni wọ́n bí i, Eku àti Dírágónì sì ń jẹun nínú abọ́ kan náà láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Peiwen wá lóṣù kẹwàá pẹ̀lú èso píà, ó tẹrí ba lẹ́ẹ̀mẹta, ó pè é ní “Màmá mi àtàtà.” Ìyá Guan bú sẹ́kún. Ó ti tó ọdún mélòó tẹ́nikẹ́ni ti bá a sọ̀rọ̀ dídùn!

“Ọjọ́ náà ò ní tíì mọ́ tán tí màá fi dé, Màmá mi àtàtà. Ọwọ́ mi ni màá fi wé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.”

Nígbà tó lọ tán, Caiyue kó abọ́ kúrò nílẹ̀. “Kò ní wá.”

“Kí ló dé? Ilara ń pa ọ́?”

“Fóònù rẹ̀ ló ń wò nígbà tẹ́ ẹ ń sunkún.”

“Ẹnu ẹ ò ní sọ ire láé!”

Nígbà tí ọjọ́ náà ku ọ̀la, Ìyá Sun wọlé, ó ń gbọn yìnyín lẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ ti ń yọ létè rẹ̀ kó tó jókòó.

“Ìyá Guan, ṣé ara ìyàwó yín yá ṣá?”

“Ó jẹ ìrẹsì abọ́ méjì láàárọ̀. Kí ló ṣe é?”

“Mo bá a níwájú alápatà. Ó ní kó gé e lẹ́ẹ̀kan. Alápatà gé e, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Mo dúró, mo ń retí ìjà, nítorí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹni tó mú kí ọkùnrin oníkábéèjì sunkún nítorí ewé kan! Ìyá Guan, kò ná an. Kò ní kó yọ, kò ní kó fi kún un. Ó sanwó, ó lọ. Mo ní bóyá ibà ló ń ṣe é.”

Ọwọ́ Ìyá Guan dúró lórí ìbọ̀sẹ̀ tó ń rán. Ẹran kan ṣoṣo ni wọn kì í ná lágbègbè wọn. Ọ̀bẹ á wọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ohun tó bá já bọ́ náà lẹ ó gbà, nítorí a kì í dúnàá-dúrà lórí ẹ̀mí òbí.

“Ìyá tó bí i sá ti kú,” Ìyá Sun tún sọ, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó.

“Ṣé ẹ ti bọ́ àwọn adìẹ yín?” ni Ìyá Guan fi dá a lóhùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìró ọ̀bẹ lórí pákó ló jí i. Kò sí ẹni tí kò mọ ìró yẹn ní abúlé náà, ẹran ni wọ́n ń gé wẹ́wẹ́. Ìyá Guan fa aṣọ ìbora bo orí lórí ibùsùn bíríkì tí iná ń yá lábẹ́, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wọ ẹ̀wù pupa rẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wo ọ̀nà. Ìyá Sun náà ti dé, ó di irun rẹ̀ dáadáa, ó wá jẹun.

Òjò yìnyín ń rọ̀. Ó di ago mẹ́wàá, ó di mọ́kànlá. Nígbà tó di ọ̀sán, fóònù dún.

“Màmá mi àtàtà! Ẹ máa pẹ́ o, ẹ máa dàgbà o! Yìnyín ti dí ọ̀nà, ọkàn mi bà jẹ́ gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ má mikàn, mo ti fi ránṣẹ́!”

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Bó ṣe ń pa fóònù ni alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Yìnyín tí kò jẹ́ kí ọmọ wá kò dí ọmọkùnrin tó ń jíṣẹ́ lọ́wọ́. Ó na àpò ọ̀rá kan sí wọn, ó dì gbagidi, àwòrán ọmọ abẹ̀rẹ̀kẹ́ rọ̀bọ̀tọ̀ wà lára rẹ̀. Ojú Ìyá Guan ò ríran ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

“Kà á fún mi.”

Caiyue nu ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́, ó gbà á. “Ẹ̀rọ ló wé e. Àádọ́ta ni. Ede ló wà nínú rẹ̀.”

“Ede?”

“Ede ni, Màmá. Kò sí ẹran níbẹ̀ rárá.”

“O ò lè purọ́ fún mi lónìí nìkan?”

“Bí mo bá purọ́, ẹ máa tọ́ ọ wò, ẹ ó rí i pé ede ni.”

Ìyá Sun ti ń wo ilẹ̀. Ìyá Guan jókòó pẹ̀lú àpò yẹn lórí itan, òtútù rẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lára. Ó rí ọkọ rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín nígbà ìrúwé. Ó rí oko àgbàdo. Ẹ̀rù bà á, mo sọ òótọ́ fún yín.

“Tèmi wà níbẹ̀,” Caiyue sọ. “Omi ti ń hó. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ ti ọwọ́ mi. Mo kàn ṣe é ni, bó bá ṣẹlẹ̀ pé kò wá.”

Ìyá Guan gbójú sókè. Kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Kí ló dé tó ò sọ ọ́ rí?”

“Sọ kí ni?”

“Pé èmi ni mi ò jẹ́ kó o sè fún Bàbá. Pé èmi ni mo pa á. Ọdún mẹ́sàn-án, Caiyue! O sọ gbogbo ohun tó wà láyé fún mi. Kí ló dé tó ò sọ ìyẹn?”

Caiyue wò ó bí ẹni tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló dé tí kò fi orí rìn.

“Nítorí kì í ṣe òótọ́ ni. Ogójì ọdún ni Bàbá fi wa èédú. Àyà rẹ̀ ti kún fún eruku kí n tó wọlé yìí. Ọjọ́ tí mo dé ni mo ti gbọ́ bó ṣe ń mí. Jiaozi wo ló ń fọ inú àyà? Ká ní mo gbà pé ẹ̀yin lẹ pa á ni, ọjọ́ yẹn gan-an ni ǹ bá ti sọ ọ́ lójú yín. Àbí ẹ ò mọ̀ mí ni?”

Ìyá Guan mọ̀ ọ́n. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Ká ní Peiwen ló sọ fún un nígbà ẹgbẹ̀rún pé “Màmá mi àtàtà, kì í ṣe ẹ̀bi yín,” kò ní gbà á gbọ́, nítorí ẹnu tó dùn máa ń dùn fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹnu yìí kò dá a sí rí. Bí ẹnu yìí bá ní kò pa ọkọ rẹ̀, a jẹ́ pé kò pa á. Ẹrù tó ti gbé fún ọdún mẹ́sàn-án sọ̀ kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Ẹkún náà ò korò.

“Bó ò bá gbà á gbọ́,” ó ń nu imú, “kí lo wá ṣe mẹ́rìndínláàádọ́rin sí?”

“Ẹ̀yin lẹ gbà á gbọ́. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ẹ ò jẹun, ojú yín ti jìn wọnú, èmi náà ò sùn. Bẹ́ ẹ bá kú, ta ni màá máa bá jà?”

Ìyá Sun rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Guan gbé àpò ede sílẹ̀, ó dìde pẹ̀lú ìbàdí rẹ̀ tí kò gbọ́ràn, ó rìn dé ìdí ààrò, ó di ọwọ́ méjèèjì ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú, tìyẹ̀fun-tìyẹ̀fun.

“Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ọdún méjìlá ni mo ti ń kó ẹ lẹ́rù, ọmọ mi. O pọ̀n mí, mi ò kí ọ. O wẹ̀ mí, mo ní omi gbóná jù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Ṣé o gbọ́? Mo dúpẹ́.”

Ojú ti Caiyue. Bí Ajá ṣe mọ̀ ọ́n bú tó, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba ìyìn. “Màmá, omi ń hó dànù,” ló sọ.

“Ṣé ọ̀rọ̀ Ajá àti Dírágónì wá ńkọ́?” Ìyá Sun béèrè. Àyà ò gbà á kó má béèrè.

“Ọdún méjìlá la ti jọ ń gbé. Ta ló ti kú nínú wa?”

Caiyue kó wọn sínú omi, ó ń fi ṣíbí igi tì wọ́n díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n má lẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n kéré, ó wé wọn ní ìwọ̀n àtàǹpàkò kí ikùn àgbàlagbà lè gbà wọ́n. Nígbà tí gbogbo wọn léfòó, ó kó wọn sínú àwo fífẹ̀ pẹ̀lú ọtí kíkan àti aáyù, ó gbé e ka iwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Èéfín rẹ̀ bo fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ebi ti sá lọ, ó padà dé lójijì.

Ìyá Guan mú igi ìjẹun rẹ̀. Ó mú ọ̀kan, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, àmọ́ kò gbé e lọ sẹ́nu.

“Caiyue. Nílé yín, ta ló máa ń kọ́kọ́ jẹ ìrẹsì tuntun?”

“Ajá ni.”

“Ya ẹnu ẹ.”

Ó ti fi í sí i lẹ́nu kí ìyẹn tó lè sá sẹ́yìn. Ìyá Sun fò dìde, ó fọwọ́ lérí. “Ìyá Guan! Ẹ ti ba iye rẹ̀ jẹ́! Márùndínláàádọ́rin ló kù! Ẹ fẹ́ kú ni?”

Ìyá Guan kò wò ó. Caiyue ló ń wò, tó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjìlá. Kò tíì gbé e mì tán tó fi sọ̀rọ̀.

“Mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mo wé. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀kan lè bẹ́ nínú omi.”